Dálémosú

Dálémosú ni à ń pe obìnrin tí ó kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, tí ó sì padà wá ń gbé ní agbo-ilé baba rẹ̀. Láyé àtijọ́, ìgbé-ayé rẹ̀ kò rọrùn ní ìlú kékeré, níbi tí olúkúlùkù ti mọ ohun tí ẹnìkejì sè lálẹ́ àná. Àwọn ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, nítorí ọmọ-ilé ni, ọkọ ni ó sì jẹ́ fún wọn. Bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ ní òwúrọ̀, wọn a kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé odò tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọn a máa sọ títí ìkòkò yóò fi kún.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, àti pé obìnrin tí a bá kọ̀ kò lè ní ọkọ mìíràn ní ọ̀nà ẹ̀tọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń wí pé, a kì í ṣú opó alààyè. Kóòtù ìbílẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ni ó tú ìdè yìí: bí a bá ti dá owó ìdáná padà fún ọkọ àkọ́kọ́, obìnrin náà di òmìnira. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọkọ tuntun ni ó ń san owó náà. Àwọn àgbà kan bínú sí àwọn kóòtù wọ̀nyí, wọ́n ní wọ́n ń tú ilé ká. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí kò sí ohun tí ó so ó pọ̀ ju owó ìdáná lọ, ó ti tú kí adájọ́ tó jókòó.

Ọ̀ràn ọmọ ni ó ń dun obìnrin jù, nítorí ti baba ni ọmọ í ṣe. Bí a bá ti já a lẹ́nu ọmú, ilé baba rẹ̀ ni yóò padà sí. Nítorí náà, ní ọjọ́ ọjà, ìyá a máa dúró ní ibi tí ọmọ yóò gbà kọjá, kí ó lè fi àkàrà sí i lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá wá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì kì í sábà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ní agbègbè Ìsẹ́yìn, níbi tí iṣẹ́ òfì gbé gbilẹ̀, ó lè jẹ́ ahunṣọ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ó ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan yóò ra òwú ju èyí tí ó lè hun lọ, obìnrin náà yóò sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí aṣọ.

Ìgbéyàwó kejì yìí kò ní ariwo. Kò sí ẹkún ìyàwó, kò sì sí aṣọ funfun tí a ń tẹ́ láti wá ìbálé. Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́, àwọn òbí wádìí lọ́wọ́ Ifá, wọ́n wádìí lọ́wọ́ alárinà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bi ọmọbìnrin náà léèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, baba rẹ̀ yóò pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú àwọn àgbà ilé.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ ọkùnrin yìí?”

Yóò kúnlẹ̀. “Baba mi, mo fẹ́ ẹ.”

Ní alẹ́ ọjọ́ tí yóò lọ, àwọn ìyàwó ilé tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lódò ni yóò ru ẹrù rẹ̀.