Àpapọ̀ Ìdánwò Ẹnìkọ̀ọ̀kan

Bí olùkọ́ kan ní Àjàó Estate bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyìn ń mú ọmọ aláriwo fara balẹ̀, yóò ka iye ìgbà tí ó ń pariwo lóòjọ́. Yóò yìn ín, yóò dáwọ́ ìyìn dúró, yóò sì tún yìn ín. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dágbó ṣe. Bí olùkọ́ mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀, a lè pa ìyàtọ̀ tí wọ́n rí pọ̀. Èyí tí a kà fún ọjọ́ púpọ̀ ni yóò tẹ̀wọ̀n jù.

Ọgbọ́n àpapọ̀ ti pẹ́. Ní 1904, Karl Pearson pa àbájáde abẹ́rẹ́ ibà táífọ́ọ̀dù lára àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Ó rí i pé wọn kò dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ọmọ tí ìyìn kò ràn lọ́wọ́ pamọ́, irọ́ ni ó pa pọ̀.