Omi Mímu fún Àwọn Ará Ìlàjẹ: Sàká ni Tàbí Sàráà?



Nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan sọ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé àwọn máa ń wọ ọkọ̀ lórí òkun, omi díẹ̀ ni àwọn ń gbé dání, bí àwọn bá sì fi ṣe àlùwàlá, òùngbẹ yóò gbẹ àwọn. Ṣé àwọn lè fi omi òkun ṣe é? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun jẹ́ kí ó mọ̀ pé omi òkun mọ́, ó sì ń sọ nǹkan di mímọ́.

Àfi bí ẹni pé ará Ìlàjẹ ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Omi iyọ̀ tó fún àlùwàlá wọn, ṣùgbọ́n ọmọ òrukàn kò lè mu ún.

Kìíní: Kànga nìkan kọ́ ni ìrànlọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùdáwó máa ń fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ní etí òkun Ìlàjẹ, ẹni tí ó bá gbẹ́ ẹ sábà máa ń kan omi iyọ̀, nítorí òkun ti wọnú ilẹ̀. Síse omi ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í mú iyọ̀ kúrò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba omi òjò láti orí páànù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á máa ra omi tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá. Opó tí kò lówó á bu omi odò fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Tánkì ńlá ló yẹ irú ibẹ̀. Bí ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún bá ń lo lítà 20 lójúmọ́ fún mímu àti sísè, tánkì onílítà 2,000 yóò gbé wọn fún 100 ọjọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù kí ẹ tó gba omi sínú rẹ̀.

Èkejì: Owó wo ni kí a lò? Súrà Taobah, áyà 60, ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ sọ pé ẹni tí sàká tọ́ sí ni a gbọ́dọ̀ fi lé lọ́wọ́, kí ó di tirẹ̀. Nítorí náà, tánkì mọ́sálásí tàbí ti gbogbo àdúgbò kò sí nínú rẹ̀. Sàráà járíyà ni kí ẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n opó tí ó jẹ́ aláìní lè gba sàká, kí ó fi ra tánkì tirẹ̀, tàbí kí ó yọ̀ǹda fún wa láti bá a rà á. Ọmọ òrukàn náà, àìní rẹ̀ ló fún un lẹ́tọ̀ọ́, kì í ṣe òrukàn nìkan.

Sáyyídínà Uthman ra kànga Rumah ní Mẹ̀dínà, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Ní Ìlàjẹ tí àwọn Onígbàgbọ́ pọ̀ sí, tí Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 sì jẹ́ ìlú ìjọ wọn, sàráà wa kò gbọdọ̀ bi ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ léèrè ẹ̀sìn.

Ẹ̀kẹta: Ìmọ́tótó. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn, ó sì kìlọ̀ fún wa nípa yíyàgbẹ́ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi. Níbi tí ilé wà lórí omi, ṣáláńgá kò ṣeé gbẹ́, nítorí omi á kún un kíá. Ìgbẹ́ ń bọ́ sínú odò tí ọmọdé ń wẹ̀, ibẹ̀ sì ni onígbáméjì ti ń wá. Ẹ má ṣe bá wọn wí lásán. Ẹ bá wa dáwó sí ilé ìgbẹ́ tí ó ní àgbá dídì lábẹ́, èyí tí a lè máa kó kúrò.

Ẹ̀yin ará, ẹ kọ ọ́ sára owó yín bóyá sàká ni tàbí sàráà, kí a má baà da méjèèjì pọ̀. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ gbogbo wa. Àmín.