Ẹni Tó Ń Lé Ejò Kò Sáré Ìje

Bí fíìmù kan bá dé, tí ọkọ̀ ń gbá tẹ̀lé ọkọ̀ nínú rẹ̀, tí táyà ń ké, tí èéfín ń rú, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa lórí rédíò: "eré ìje ọkọ̀". Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ètò sinimá, ó ti wọ inú ìròyìn. Wọ́n ń sọ pé ọlọ́pàá àti adigunjalè "sáré ìje" lójú pópó. Ó ti gun orí pẹpẹ pàápàá, níbi tí oníwàásù ti ń ní kí ìjọ fojú inú wo Fáráò àti àwọn kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ nínú "eré ìje" tó parí sí Òkun Pupa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti gún etí. Fáráò kò bá ẹnikẹ́ni sáré ìje. Kò sí ẹni tó gbé ife-ẹ̀yẹ kalẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé etí òkun. Àwọn ẹrú sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lé wọn. Sílébù kan péré ni ọ̀rọ̀ tí a ń fi "eré ìje" tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìrìn àti eré nínú èdè wa, ekukáká la fi lè rí èyí tó gbé iṣẹ́ tó o. Lé ni. Òun ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ìje ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Àdéhùn ni ìje. Ojú ìlà kan náà ni àwọn tó ń díje ti gbéra, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, ẹ̀bùn kan náà sì ni gbogbo wọn tẹjú mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi lo ìje ní orí kẹsàn-án ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ àwọn eléré tó ń du adé. Nígbà tó kan Fáráò nínú Ẹ́kísódù, lépa ni wọ́n lò. Ẹ tún wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín sá àti sáré. Ẹni tó sáré lọ ti yára lọ síbi tó ń lọ. Ẹni tó sá lọ ti bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìje, gbogbo wọn ló ń sáré, kò sẹ́ni tó ń sá. Òṣèré Steve McQueen ṣe oríṣi méjèèjì fún wa láàárín ọdún mẹ́ta. Nínú fíìmù Le Mans, tó jáde ní 1971, ó wa Porsche 917 nínú ìdíje oníwákàtí 24 ti ilẹ̀ Faransé: ìje nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Nínú Bullitt ti 1968, ó wa Mustang aláwọ̀ ewé ní ìlú San Francisco, kò sì sí ìje kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní orúkọ kan náà ti wo ìyára ọkọ̀ nìkan, kò wo ohun tó gbé ọkọ̀ náà nílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí lé jinlẹ̀ ni pé kì í dá ọ̀nà kan rìn. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn: àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ẹsẹ̀ kan náà, ẹ̀gún kan náà, eré kan náà. Ẹni tó dúró lókè kò lè fi ìyára nìkan mọ ẹni tó ń bẹ̀rù ẹnìkejì. Lé tún máa ń wá ọ̀rọ̀ míì mọ́ra láti sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń lé. Ẹni tó lé olè bá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó lé e mú ti dì í mú lọ́rùn aṣọ. Ẹni tó lé ewúrẹ́ jáde kò fẹ́ mú un rárá, kó ṣáà ti kúrò nídìí iṣu ni. Nítorí náà, ìbínú mi kò mọ sórí ìje nìkan. Nígbà tí ìròyìn bá ní "ọlọ́pàá lé ọ̀daràn náà lọ", olùgbọ́ kò mọ̀ bóyá wọ́n ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kí wọ́n lè mú un, tàbí wọ́n kàn lé e kúrò ní àdúgbò bí ẹni ń lé adìẹ. Ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé lé ló ń sọ èrò ọkàn, ẹni tó bá sì fi ṣeré ti sọ ìròyìn rẹ̀ nù.

Ẹ wá gbé Bullitt síwájú òwe ejò yẹn. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá àti díẹ̀ ni ìran ọkọ̀ inú rẹ̀ gbà, ó sì wà lára ìdí tí Frank P. Keller fi gba ẹ̀bùn Oscar fún àtúntò fíìmù náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Dodge Charger dúdú tí àwọn apànìyàn méjì wà nínú rẹ̀ ń rìn lẹ́yìn Mustang Bullitt, ọlọ́pàá tí McQueen ṣe nínú fíìmù náà. Wọn kò tíì lé e o. Wọ́n ń tẹ̀lé e ni. Èrò mi ni pé lé inú tẹ̀lé kì í ṣe lé ti olè àti ejò, bí kò ṣe lé tó wà nínú mẹ́tàlélógún, èyí tó túmọ̀ sí kí nǹkan wà lórí nǹkan: ẹni tó ń tẹ̀lé ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ibi tí ẹni iwájú ti gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà láìsí ìbẹ̀rù fún ẹnikẹ́ni. Lójijì, Bullitt pòórá ní ojú ọ̀nà. Kí àwọn apànìyàn náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Mustang ti yọ nínú dígí tí awakọ̀ wọn fi ń wo ẹ̀yìn. Awakọ̀ náà kò sọ̀rọ̀. Ó de bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ra, ó tẹ iná, táyà han, orin tí Lalo Schifrin kọ fún fíìmù náà sì dákẹ́, ó ku ìró ẹ́ńjìnnì nìkan. Ìgbà tí bẹ́líìtì yẹn wọ ilé rẹ̀ ni tẹ̀lé di lé, tí ọdẹ sì di ẹran: àwọn tó ń tẹ̀lé ló wá ń sá, ẹni tí wọ́n ń tẹ̀lé ló wá ń lé, títí Charger fi lọ kọlu ilé epo lẹ́yìn ìlú tó sì gbiná. Ẹ fi "eré ìje" sọ ìyẹn kí n gbọ́. Kò ṣeé sọ, nítorí ìje kò ní ibi tí ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn ti lè pààrọ̀ ìbẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ lépa náà ní ìtàn tó yẹ ká tọ̀ dé ìsàlẹ̀, nítorí àwọn kan gbà pé lé àti pa ló so pọ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó ń lépa ń lé kó lè pa. Ìtumọ̀ náà dùn létí, àmì ohùn rẹ̀ kò sì takò ó, ṣùgbọ́n gírámà kọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì bá so pọ̀ báyìí, wọ́n sábà máa ń là sí méjì kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè jókòó sáàárín: a tàn án jẹ, a lé e mú. A kì í la lépa. "Ó ń lépa rẹ̀" la ń sọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé ó ń tọpa rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó kórìíra rẹ̀. Rẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí: ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ti gbé ọ̀rọ̀-orúkọ mì ló máa ń gbà á. Ipa, ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ tàbí táyà fi sílẹ̀, ló wà nínú ikùn lépa bó ṣe wà nínú ikùn tọpa. Ẹni tó ń lépa ń lé ipa. Bóyá yóò pa tàbí yóò gbà là, ọ̀rọ̀ náà kò tíì sọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pípa, lé e pa ló wà fún un, olùdarí fíìmù Steven Spielberg sì ya odindi fíìmù kan sọ́tọ̀ fún un. Nínú Duel, tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní 1971, ọkùnrin kan nínú Plymouth Valiant pupa kọjá lára tánkà ńlá kan lójú títì, tánkà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kọjá aṣálẹ̀ àti òkè. A kì í rí ojú awakọ̀ rẹ̀ títí fíìmù fi parí. Kò béèrè owó, kò béèrè ọ̀nà. Tánkà yẹn kò lépa ohunkóhun. Ó fẹ́ lé ọkùnrin náà pa, òun fúnra rẹ̀ ló sì já sí ọ̀gbun níkẹyìn.

Mo mọ ibi tí alátakò tó gbọ́n yóò ti kọlù mí: The French Connection, tí William Friedkin darí, tó jáde ní 1971 kan náà. Níbẹ̀, apànìyàn kan wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí afárá gíga kọjá ní Brooklyn, ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Doyle sì gba Pontiac lọ́wọ́ onímọ́tò kan, ó ń gba abẹ́ afárá náà sáré àsápajúdé kó lè ṣáájú ọkọ̀ ojú irin dé ibùdókọ̀. Àwọn méjèèjì ń lọ síbì kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ní àǹfààní: ṣé ìje kọ́ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ọkọ̀ ojú irin kò bá Doyle díje. Tí kò bá sí apànìyàn nínú rẹ̀, ì bá ti lọ ní tirẹ̀, kí Doyle sì jókòó ní tirẹ̀. Ibùdókọ̀ kì í sì í ṣe òpin. Ìgbà tí Doyle kọ́kọ́ ṣáájú dé, kò gba nǹkankan, nítorí ọkọ̀ náà kò dúró, àfi kó tún padà sínú mọ́tò. Ohun tó ń wá wà nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sí ní ibùdókọ̀, kò sì sinmi títí ó fi yìnbọn fún ọkùnrin náà lórí àtẹ̀gùn. Ó lé e bá. Bill Hickman tó wa Charger tó ń sá nínú Bullitt wà lára àwọn tó wa Pontiac tó ń lé níbí. Ọwọ́ kan náà ló ti sá fún ejò, tó sì ti lé ejò.

Àtakò kejì ló le jù, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nílò ọ̀rọ̀-orúkọ tó ṣeé fi ṣe àkọlé, lé kò sì fún un. Ìlépa ọkọ̀ kò ṣeé lò, nítorí ohun tí etí yóò gbọ́ ni pé ẹnìkan ń ṣiṣẹ́ kó lè ra mọ́tò. Òótọ́ ni, mo sì gbà pé lórí ìyẹn a ti pàdánù: lépa ti kúrò lọ́wọ́ ọdẹ, ó ti di ti ẹni tó ń wá ipò, owó àti àlàáfíà, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á padà. Mo tún gbà pé "ó ń wakọ̀ bí ẹni ń sáré ìje" ti jókòó, kò sì burú, nítorí àfiwé ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé gbólóhùn kò lè di orúkọ nínú Yorùbá? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá wa lóhùn. Kí ni bọ́lẹkájà bí kì í bá ṣe odindi gbólóhùn, ìpèníjà láti bọ́ sílẹ̀ wá jà, tó di orúkọ mọ́tò akérò? Èdè tó sọ bọ́lẹkájà kò ṣaláìní ọ̀nà láti kọ Ọkọ̀ Ń Lé Ọkọ̀ sí orí ìròyìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, ọ̀rọ̀ kan péré ló fi gùn ju eré ìje ọkọ̀ lọ, ó sì sọ òtítọ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ju àṣìlò kan lọ. Bí a bá sọ pé ìje ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún òǹwòran: ta ló ṣe ipò kìíní? Bí a bá sọ pé lé ni, gbogbo ìbéèrè tó gbé fíìmù náà ró yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà: ta ló ń lé, ta ló ń sá, kí ló ṣe fún un, ṣé kó mú un ni àbí kó lé e kúrò, ṣé kò ní yíjú padà? Àwọn baba wa tó pa òwe ejò kò rí Mustang, wọn kò dé San Francisco, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá rí àgbà nínú ẹ̀gún kò gbọdọ̀ béèrè bó ṣe ń yára tó. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti iwájú rẹ̀ ló yẹ kó wò.