Ẹja Tó Ń Sáré Wá Síwájú Gíláàsì

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò bàbá àwọn ọmọ mi ra ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́fà fún wọn, a kó wọn sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Ẹni bá ti kọjá ni wọ́n ń sáré wá bá, olúwarẹ̀ á sì da oúnjẹ sí i. Omi ti funfun bí omi ògì, ó ń rùn, méjì sì ti kú. Ṣé ebi ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ ká máa bọ́ wọn? (Ìyá kan, Gbégamey, Kùtọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Ebi kọ́. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, oúnjẹ àjẹṣẹ́kù ni mo fura sí. Ẹja tó bá ti mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ni oúnjẹ ti ń wá á sáré wá, ì báà yó.

Ẹ wo adágún Nokoué tó wà nítòsí yín: tẹ́lẹ̀, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi ibẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní akaja. Ewédò á hù sára igi, ẹja á máa ṣà á jẹ díẹ̀díẹ̀. Omi ibẹ̀ pọ̀. Àmọ́ omi inú gíláàsì kò ríbi lọ: oúnjẹ tó rà àti ìgbẹ́ ẹja á di amóníà, á máa jó ibi tí ẹja fi ń mí. Àwọn bakitéríà kan ń sọ amóníà yìí di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ nínú àpótí tuntun, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Ẹ bọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ẹ kó èyí tó bá kù jáde. Ẹnìkan ṣoṣo nínú ilé ni kó máa bọ́ wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ di èyí mú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dúró, ẹ má bọ́ wọn títí iná á fi dé, torí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ń lo atẹ́gùn púpọ̀ sí i.

Lónìí, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan. Ẹ pọn omi ẹ̀rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má dé e, kí kilorínì inú rẹ̀ lè lọ. Lọ́la, ẹ fi rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin omi àpótí. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ nù.

Bí ẹ bá ń fi rọ́bà fa omi àpótí jáde, ẹ má fi ẹnu fà á, kí ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kòkòrò kan, Mycobacterium marinum, lè gba ojú egbò wọlé, kí kókó tí kì í tètè san yọ síbẹ̀. Ẹni tó bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀, kó sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń sin ẹja.