Fídíò Bàìbàì Lè Pa Èèyàn ní Kàdúná

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kàdúná, ní Kakuri, Sabon Tasha, Tudun Wada àti Kawo, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí kí ó tó di àbámọ̀. Fídíò tó gbọ̀n, tó ṣe bàìbàì, tí a kò lè fi dá ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ̀, ewu ni. Ohun tí ojú kò bá rí kedere, ẹnu ni yóò parí rẹ̀. Igi lásán á di ìbọn. Ọkùnrin tó ń sáré lọ gbé ọmọ rẹ̀ á di apààyàn tó ń sá lọ.

Ìlú yìí kì í ṣe ibi tí a ti lè fi irú èyí ṣeré. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, àti lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹrin ọdún 2011, ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló kó kúrò ní apá kan odò Kàdúná lọ sí apá kejì nítorí ẹ̀sìn. Nígbà rògbòdìyàn ọdún 2000, fóònù GSM kò tíì dé Nàìjíríà. Ọdún 2001 ló dé. Síbẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò. Lónìí, kámẹ́rà wà lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyá aláta àti ọmọ iléèwé, fídíò sì lè dé gbogbo àdúgbò kí ọlọ́pàá tó gbéra. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ mọ ohun tó ń ba àwòrán jẹ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni àkọ́kọ́. Èkejì ni òkùnkùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ojú kámẹ́rà á là pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o. Ní ọ̀sán gangan, ó lè má là ju ìdá kan nínú 1,000 ti ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ní àṣálẹ́, tí NEPA bá ti mú iná, ó lè di ìdá kan nínú 15. Ohunkóhun tó bá mira láàárín ìgbà náà á fà gẹ̀rẹ̀rẹ̀ lórí àwòrán. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sínú fóònù láti dín gbígbọ̀n kù lè gba ọwọ́ yín lọ́wọ́ ìgbọ̀nrìrì. Kò lè dá ẹni tó ń sáré dúró. Ẹ̀kẹta ni eruku ọyẹ́. Ó máa ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ìka lórí lẹ́ǹsì.

Nítorí náà, ẹ fi aṣọ òwú rírọ̀ nu lẹ́ǹsì kí ẹ tó ya ohunkóhun. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú, kí ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ ìhà, kí ẹ sì fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ má fi ìka fa àwòrán sún mọ́ra, nítorí bí ó ti ń tóbi ni gbígbọ̀n ń tóbi. Ẹ tẹ ibi tí ẹ fẹ́ kó mọ́ lójú fóònù. Ẹ má máa yí kámẹ́rà kiri. Ẹ dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ibẹ̀ bá léwu, ẹ sá. Ẹ̀mí ṣáájú fídíò.

Ẹ má sì gbé àwòrán bàìbàì fún ẹ̀rọ tó ní òun lè tún un ṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, wọ́n fi àwòrán Barack Obama tí wọ́n ti bà jẹ́ sínú PULSE, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníwádìí Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ṣe. Ojú òyìnbó ló gbé jáde. Ohun tí kámẹ́rà kò rí, ẹ̀rọ kò lè rí i. Ṣe ni yóò hùmọ̀ rẹ̀. Bí ó bá lè ṣi ojú ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ gbé, ojú ọmọ aládùúgbò yín ńkọ́?

Bí fídíò yín bá sì mọ́, ẹ pa ojúlówó rẹ̀ mọ́ sínú fóònù tó yà á. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè fúyẹ́, kò sì ní mọ́ kedere bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, ìyẹn Document. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù, Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè àlàyé nípa ẹ̀rọ tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti jáde.

Èyí tí kò bá mọ́, ẹ má pín in, ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ pé báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá sọ ohun tí kò rí bí ẹni pé ó rí i, ó ti jẹ́rìí èké. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sì ti ibẹ̀ ṣàn, ó wà lọ́rùn rẹ̀.