Bí O Bá Ń Lọ Dúró Nídìí Ìsọ̀ ní Oshkosh

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ yín ti fi orúkọ rẹ kún ti àwọn tí yóò lọ pàtẹ ọjà níbi àpèjọ àwọn olólùfẹ́ bàálù ní Oshkosh lópin oṣù Keje yìí. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ jókòó ná, nítorí gbogbo ìwé tí wọ́n ní kí o kà nípa ẹ̀rọ àfisétí tí ẹ ń tà fáwọn awakọ̀ òfurufú, kò sọ ohunkóhun nípa èèyàn.

Èèyàn ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ bàálù tí wọ́n ń pè ní EAA ló bẹ̀rẹ̀ àpèjọ náà ní Milwaukee ní 1953. Láti 1970 ló sì ti fìdí kalẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Wittman ní Oshkosh, ìpínlẹ̀ Wisconsin. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bàálù tó ń balẹ̀ síbẹ̀ àti sí agbègbè rẹ̀ ń lé ní 10,000, èrò sì ti ju 600,000 lọ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Má banú jẹ́.

Aláṣọ Gbági tó mọṣẹ́ kì í tú aṣọ sílẹ̀ kó tó bi ọ́ pé òde wo lò ń lọ. Ìwọ náà, bí ẹ bá ti kí ara yín tán, béèrè pé: "Irú bàálù wo lẹ ń wà?" Lẹ́yìn náà, panu mọ́. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kùnà nìyẹn. Wọ́n á béèrè tán, wọ́n á tún máa sọ̀rọ̀ lọ. Nínú bàálù kékeré bíi Cessna 172, ihò méjì ni wọ́n sábà máa ń ki okùn ẹ̀rọ àfisétí bọ̀. Ti hẹlikópítà, ihò kan ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí o kò bá gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, o lè ta ohun tí kò ní wọlé fún un, ilé ni yóò sì dé kó tó mọ̀. Ẹlòmíràn á ní bàálù tí wọ́n ń pè ní RV lòun ń wà. Fara balẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kan bàálù náà, tó sì so gbogbo wáyà inú rẹ̀. Má kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bí o kò bá mọ èsì ìbéèrè rẹ̀, sọ pé o kò mọ̀, kí o sì pe ẹni tó mọ̀ wá.

Má fi aṣọ díwọ̀n èèyàn. Ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé tó kún fún eruku lè ní bàálù méjì. Ẹni tó wọ kóòtù lè jẹ́ pé òun gan-an ló fẹ́ tajà fún ọ. Bí bàbá arúgbó bá sì ní kí o máa pe òun ní Bob, pè é ní Bob. Mo mọ̀ pé ẹnu rẹ á kọ́kọ́ wúwo. Tèmi ò tíì fúyẹ́ títí dòní.

Bàtà tó ti bá ẹsẹ̀ rẹ mu ni kí o wọ̀, ilẹ̀ kọnkéré ni. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù dárà lójú ọ̀run lọ́sàn-án, gbọ̀ngàn tí ìsọ̀ yín wà á dá páropáro. Jẹun nígbà náà, ṣùgbọ́n má jìnnà sídìí ìsọ̀, torí ẹni tó bá wọlé lásìkò yẹn kò wá ṣeré.

Bí o bá ṣèlérí pé wàá kọ iye tí ọjà jẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, fi ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sùn nínú àgọ́ lábẹ́ apá bàálù wọn. Bí o bá dúró dọ̀la, ó lè ti fò lọ sílé.