ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: IYỌ̀ NÍNÚ OMI KÀNGA ETÍ ÒKUN

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò yẹ àròkọ alálàyé kan wò tí ó dá lé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Irú orí-ọ̀rọ̀ báyìí a máa ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù. Wọn a rò pé ti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, wọn a sì sá lọ sí ìdí ‘Ọjọ́ Tí N Kò Lè Gbàgbé’, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń kọ ohun kan náà. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé bí a ti ń rẹ aró lè ṣàlàyé bí iyọ̀ ṣe ń wọ kànga. Iṣẹ́ kan náà ni: kí ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí ni ó tẹ̀lé e, kí ni ó sì fà á?

Ìbéèrè náà nìyí: Ṣàlàyé ìdí tí omi kànga fi ń ní iyọ̀ ní àwọn ìlú etí òkun, kí o sì sọ ohun tí a lè ṣe sí i.

Kí o tó fi gègé lé ìwé, fa ìlà sí abẹ́ ‘ìdí’ àti ‘ohun tí a lè ṣe’. Ẹni tí ó bá fi ojú ewé méjì ròyìn ìyà tí àwọn ènìyàn ń jẹ lórí omi, tí kò sọ ìdí rẹ̀, kò tíì dáhùn ìbéèrè.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Iyọ̀ ni a fi ń ṣe àdúrà fún ọmọ tuntun kí ayé rẹ̀ lè dùn, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá bọ́ sínú kànga, ìnáwó dé bá onílé nìyẹn. Ní Erékùṣù Èkó, ní Àpápá, ní Victoria Island àti ní ọ̀nà Lẹ́kí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbẹ́ kànga tí omi rẹ̀ kò ṣe é mu. Òkun wà níwájú wọn, ọ̀sà wà lẹ́yìn wọn, síbẹ̀ ọwọ́ mẹ́ruwà ni wọ́n ti ń ra omi tí wọ́n fi ń se oúnjẹ.

Kí a tó lè mọ ohun tí ó fa èyí, a ní láti mọ ibi tí omi kànga ti ń wá. Òjò ni. Bí òjò bá rọ̀, díẹ̀ a ṣàn lọ sódò, oòrùn a fa díẹ̀, ìyókù a rìn wọ inú ilẹ̀ lọ. Yanrìn ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ etí òkun wa, yanrìn kì í sì í dí omi lọ́nà. Ohun tí ó ń jẹ́ kí òjò tètè wọlẹ̀ náà ni ó ń jẹ́ kí omi òkun rí ọ̀nà gbà. Lábẹ́ ilẹ̀ ni omi méjèèjì ti ń pàdé. Lítà kan omi dídùn a máa wọn nǹkan bí gíráàmù 1,000, ṣùgbọ́n lítà kan omi òkun a máa wọn nǹkan bí 1,025, nítorí pé nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni omi dídùn ṣe ń léfòó lórí omi iyọ̀, bí epo pupa ti ń léfòó lórí omi ọbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà: epo kì í pò mọ́ omi, ṣùgbọ́n omi méjèèjì yìí a máa pò pọ̀ níbi tí wọ́n bá ti fara kanra, bí wọ́n bá sì ti pò tán, kò sí ẹni tí yóò yà wọ́n láìnáwó.

Badon Ghyben, ará Netherlands, ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1880. Herzberg, ará Jámánì, tún ṣe é ní 1901. Wọ́n rí i pé bí omi dídùn inú ilẹ̀ bá fi mita kan ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bí mita 40 omi dídùn ni yóò wà nísàlẹ̀ ojú òkun kí a tó kan omi iyọ̀. Èyí dùn létí, àfi kí a yí i padà. Bí a bá fa omi títí mita kan náà fi ku ààbọ̀, omi iyọ̀ yóò fi nǹkan bí mita 20 gòkè wá bí ó bá yá.

Láyé àtijọ́, okùn àti korobá ni a fi ń fa omi. Ọwọ́ ènìyàn a máa rẹ̀, kànga a sì sinmi. Ẹ̀rọ kì í rẹ̀. Nísinsìnyí, ilé kan, kànga ẹ̀rọ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní bohóòlù. Bí àwọn aládùúgbò bá sì ń fà á tọ̀sán-tòru, omi dídùn a lọ sílẹ̀, iyọ̀ a gbapò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a fi kọnkéré àti ọ̀dà bo ilẹ̀ tí òjò ì bá gbà wọlé. Òkun pàápàá ń ga sí i: láàárín 1901 àti 2018, ojú òkun àgbáyé fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 gòkè.

Ní Victoria Island, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́ pọ̀. Omi iyọ̀ wà lókè níbẹ̀, omi dídùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, amọ̀ ni ó là wọ́n láàárín. Àwọn agbẹ́-kànga ní láti la omi iyọ̀ kọjá, nígbà mìíràn ju mita 200 lọ. Bí wọn kò bá fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù dáradára, tàbí bí páìpù irin bá dípẹtà tí ó lu, ihò tí a fi owó ńlá gbẹ́ náà ni iyọ̀ yóò gbà sọ̀kalẹ̀ sínú omi dídùn. Kì í sì í ṣe onílé nìkan ni yóò jìyà rẹ̀, nítorí omi kan náà ni gbogbo àdúgbò ń fà.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Ní ilẹ̀ Benin, láti inú àwọn kànga ẹ̀rọ Godomey ni ìlú Kútọnu ti ń rí omi. Ọ̀sà Nokoué kò jìnnà síbẹ̀. Láti 1885 tí àwọn Faransé ti la ojú omi láti ọ̀sà náà já sí òkun ni iyọ̀ ti ń wọ inú rẹ̀ nígbà ẹ̀rùn. Àwọn onímọ̀ ti rí iyọ̀ nínú àwọn kànga tí ó sún mọ́ ọ̀sà jù.

Díẹ̀ ni ó ń ba púpọ̀ jẹ́. Bí a bá da garawa omi òkun 2 mọ́ garawa omi dídùn 98, ahọ́n yóò ti mọ̀ ọ́n. Omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, a máa jẹ táǹkì àti irin ilé, a máa pa ẹ̀fọ́ inú ọgbà, kò sì yẹ ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn kan rò pé bí a bá sè é yóò sàn. Rárá o. Omi ni iná ń lé lọ, iyọ̀ a sì kù sínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni álọ́ọ̀mù kò lè mú un kúrò.

Kí ni a lè ṣe? Ní tèmi, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni omi ẹ̀rọ ìjọba. Ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi tí ìjọba fẹ́ gbà ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ìdí tí wọn yóò fi sanwó nígbà tí kànga wà lágbolé. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kò sì ṣàìní ìdí, ṣùgbọ́n Èkó ìgbà náà kò tó Èkó òde òní. Láti odò Ògùn ni omi ẹ̀rọ Ìjù ti ń wá, àti ti Adíyàn tí wọ́n ṣí ní 1991 láti máa pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lóòjọ́. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá dé gbogbo ilé, a kò ní máa fipá fa ti inú ilẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ó yẹ kí ìjọba mọ iye kànga ẹ̀rọ tí ó wà, kí ó sì máa wọn iyọ̀ inú wọn lọ́dọọdún, kí a lè pa ẹ̀rọ kí ó tó bàjẹ́ tán. Onílé náà lè gbe omi òjò láti orí páànù sínú táǹkì. Ní Los Angeles, láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ti omi dídùn padà sínú ilẹ̀ létí òkun kí ó lè dá iyọ̀ dúró. Owó rẹ̀ kò kéré.

ÀKÍYÈSÍ

Wò ó pé òǹkọ̀wé kò yí orúkọ padà. ‘Omi dídùn’ àti ‘omi iyọ̀’ ni ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá pè é ní ‘omi rere’ níhìn-ín, tí ó pè é ní ‘omi tútù’ lọ́hùn-ún, òǹkàwé yóò rò pé omi mẹ́ta ni. Àfiwé epo inú ọbẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ohun tí ó dára jù níbẹ̀ ni pé ó sọ ibi tí àfiwé náà ti kùnà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn ‘Ẹ̀rọ kì í rẹ̀’ kúrú, ó sì ṣe iṣẹ́ òwe mẹ́ta. Ìpínrọ̀ ìpalára ni a dín kù, nítorí pé ìbéèrè kò fi bẹ́ẹ̀ bèèrè rẹ̀. ‘Ní tèmi’ sì bójú mu, nítorí pé ìdí tẹ̀lé e.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ní ìlànà kan náà, ṣàlàyé bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ ní Ayétòrò ní agbègbè Ìlàjẹ, àti ohun tí a lè ṣe sí i.